Owó ìjọba fún kíláàsì abúlé: ẹ wádìí ilẹ̀ kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́

Ẹ̀yin ará wa tó béèrè láti Manchester, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìrójú. Ẹ ní kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ abúlé yín ti di àlàpà, ẹ ti dá owó jọ láti kọ́ tuntun méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ wá fẹ́ mọ̀ bóyá ìjọba lè fi kún un, àti bóyá kí ẹ kó owó ọwọ́ yín fún ẹ̀gbọ́n bàbá yín. Bí mo ṣe kà á ni inú mi ti ru. Ohun tí ojú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní London rí lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, kí ojú yín má rí i.

Owó wà o. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kò sí. Láti ìgbà tí òfin UBE, òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ti jáde lọ́dún 2004 ni ìjọba àpapọ̀ ti gbọ́dọ̀ máa yọ ó kéré tán ìdá 2 nínú 100 owó tó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ló ń mójú tó o ní Àbújá. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìpínlẹ̀ ní láti kọ́kọ́ gbé iye tó bá a dọ́gba kalẹ̀ kí wọ́n tó fún un, ìdí nìyẹn tí owó àwọn ìpínlẹ̀ kan fi máa ń sùn sí Àbújá tí òjò sì ń pa àwọn ọmọ nínú kíláàsì. Ìyẹn ju agbára yín lọ. Èyí tó kàn yín ni ìrànwọ́ tó ń gba ọwọ́ SBMC, ìgbìmọ̀ alábòójútó ilé ẹ̀kọ́: hẹ́dímásítà, àwọn òbí, aṣojú ọba, àwọn obìnrin, akẹ́kọ̀ọ́jáde, oníṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n á kọ ohun tí ilé ẹ̀kọ́ nílò, yóò gba ọ̀dọ̀ àwọn elétò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ dé SUBEB, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀, títí dé Àbújá. Ìlú á fi tirẹ̀ kún un. Owó á wọ àkáǹtì ìgbìmọ̀, ìlú fúnra rẹ̀ ni yóò sì pe bíríkìlà àti káfíńtà. Ìwé kíkọ yẹn ò le, hẹ́dímásítà yín á ti mọ̀ ọ́n. Ti báǹkì náà ò le, ẹ sáà rí i pé orúkọ tó wà lórí BVN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ báǹkì) àwọn bàbá tó máa fọwọ́ síwèé bá ìwé wọn yòókù mu.

Bí aṣòfin kan bá ní òun máa bá yín kọ́ ọ, ẹ dúpẹ́, àmọ́ àpò mìíràn nìyẹn. Agbaṣẹ́ṣe tirẹ̀ ni yóò kọ́ ọ, àwòrán tirẹ̀ ni yóò wà lára ògiri.

Ilẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ gan-an.

Ilé ẹ̀kọ́ tiwa wà lára àwọn tí wọ́n kọ́ nígbà ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ lọ́dún 1955. Ìdílé kan ló yọ̀ǹda ilẹ̀. Obì àti ọtí ni wọ́n fi ṣe é, kò sí ìwé kankan, kò sì sẹ́ni tó béèrè títí a fi fẹ́ kọ́ kíláàsì sí ẹ̀yìn, níbi tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn tó wá ṣàyẹ̀wò nítorí ìrànwọ́ náà ní àwọn fẹ́ rí ìwé ilẹ̀. Olórí ẹbí náà fọwọ́ síwèé láìjanpata, gbogbo wa yọ̀ lórí WhatsApp. A ra sìmẹ́ǹtì, a mọ búlọ́ọ̀kù, a já iyanrìn. Ọjọ́ tí bíríkìlà ta okùn ni àwọn ọmọ ìdí igi kejì, ìyẹn ẹ̀ka kejì nínú ìdílé náà, dé, tàwọn ti lọ́yà. Wọ́n ní ìdí igi máńgòrò ni ilẹ̀ tí bàbá àwọn fi sílẹ̀ parí sí, àti pé àwọn ti ta ẹ̀yìn rẹ̀ fún ọkùnrin kan tó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù.

Èyí tó dùn mí jù ni pé lọ́yà wọn rí ẹsẹ̀ òfin dúró lé. Ilẹ̀ ẹbí tí olórí ẹbí bá dá nìkan tà, àwọn àgbà ẹbí yòókù lè lọ sílé ẹjọ́ kí wọ́n fagi lé e. Èyí tó bá dá nìkan fi tọrẹ kò tilẹ̀ dúró rárá. Bàbá tó fọwọ́ síwèé fún wa kò purọ́, kò kàn pe ẹnikẹ́ni ni.

Iṣẹ́ dúró. Sìmẹ́ǹtì di òkúta nínú ọ́fíìsì hẹ́dímásítà, àwọn kan sì ń fi òru kó iyanrìn lọ. Ìrànwọ́ ọdún yẹn bọ́ sí ọwọ́ ìlú mìíràn. Owó tí àwọn ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa fi iṣẹ́ òru nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó kó jọ ni o! Ọ̀kan nínú wọn ní òun ò tún dá kọ́bọ̀ mọ́ láyé, n ò sì lè bá a wí.

Nígbà tí a tún bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá kan wà ní ọ́fíìsì kan, n ò ní dárúkọ ibẹ̀, gbogbo ìgbà ló ń ní fáìlì wa ò tíì sọ̀kalẹ̀. Hẹ́dímásítà lọ, ó ní kí alága ìgbìmọ̀ wá. Alága lọ, ó ní kí hẹ́dímásítà wá. Ọmọ àgùnbánirọ̀ kan ló bá wa yọ fáìlì náà lábẹ́ ìwé ìròyìn lórí tábìlì ọ̀gá náà. Ẹ máa gba ẹ̀dà gbogbo ìwé tí ẹ bá fi sílẹ̀, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Ẹ má fún wọn ní ẹ̀gúnjẹ, ẹni tó bá gba tàkọ́kọ́ á retí ìkejì.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, kí ìdílé tó ni ilẹ̀ pé jọ. Ìdí igi kọ̀ọ̀kan á mú àgbà tirẹ̀ wá, gbogbo wọn á fọwọ́ síwèé níwájú ọba àti àwọn tí ilẹ̀ wọn bá a pààlà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ilẹ̀ náà, pápá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú, kí lọ́yà kọ ọ́ ní orúkọ ilé ẹ̀kọ́, kì í ṣe ti alága ìgbìmọ̀. Ọmọ ẹbí tó bá wà lókè òkun, ọ̀dọ̀ notary public, ẹni tí òfin fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìfọwọ́síwèé, ni kó ti fọwọ́ sí tirẹ̀. Kó yọjú lórí fídíò kò tó. Tiwa, ẹnì kan ní Houston ló dá gbogbo wa dúró. Tó bá sì jẹ́ pé ìjọ kan ló dá ilé ẹ̀kọ́ yín sílẹ̀ kí ìjọba tó gbà á ní àwọn ọdún 1970, ẹ dé ọ̀dọ̀ ìjọ náà.

Ó ṣeé ṣe o. Kíláàsì méjì wa ti dúró báyìí, àwọn ọmọ wà nínú rẹ̀.

Ní ti ẹ̀gbọ́n bàbá yín, mi ò ní wọ́n máa jẹ owó. Àmọ́ owó tó bá gba àkáǹtì tiwọn kọjá, ẹ ò ní rí ẹ̀rí tí ẹ máa fi hàn pé ìlú dá a. Àkáǹtì ìgbìmọ̀ ni kí ẹ san án sí, lẹ́yìn tí ìwé ilẹ̀ bá ti jáde. Ẹ sọ iye ìdí igi tó wà nínú ìdílé náà fún wa níbí. Mo ní ẹ̀dà ìwé tí lọ́yà wa kọ, màá fi ránṣẹ́ kí tiyín lè wò ó.