"Níbi olè gbé ń jàre olóhun": ṣé olè ni oríkì Ìbàdàn ń yìn?

Àbúrò mi, o ní o fẹ́ ki oríkì Ìbàdàn níbi ìkómọ ọmọ rẹ, àmọ́ o gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ lórí rédíò pé gbólóhùn "níbi olè gbé ń jàre olóhun" fi hàn pé èrú àti jìbìtì ni wọ́n fi tẹ ìlú wa dó. Ìjẹ̀bú sì ni àwọn àna rẹ, o ò fẹ́ kí wọ́n fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. O wá bi mí bóyá kí o fo ibẹ̀.

Inú bí mi nígbà tí mo ka ìbéèrè rẹ. Ìwọ kọ́ lo bí mi nínú, ẹni tí wọ́n gbé máíkì fún tí kò jókòó ti àgbà rí ni. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára "olè". "Jàre" ni ì bá tẹjú mọ́.

Ta ló máa ń jàre? Ẹni tó ní ẹjọ́ lọ́rùn ni. Bí olè bá wọlé lóru tó palẹ̀ ẹrù mọ́, kò tíì jàre, ó jalè lásán ni. Ìgbà tí òun àti olóhun bá jọ kúnlẹ̀ níwájú àgbà, tí àgbà gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, tó wá ní "Lágbájá ló jàre, Tàmẹ̀dò ló jẹ̀bi", ìgbà yẹn ni àre ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọ̀rọ̀. Ibi ìgbẹ́jọ́ ni gbólóhùn yìí ti wá. Ìkìlọ̀ ló ń ṣe fún olóhun pé bí kò bá mọ ẹjọ́ rò ní Ìbàdàn, ẹni tó jí nǹkan rẹ̀ lè gbé e lọ níṣojú rẹ̀.

Wo àwọn tí wọ́n máa ń kì mọ́ ọn. "Ìbàdàn, béèrè kí o tó wọ̀ ọ́." "Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjòjì." Ọ̀kan ń sọ fún àlejò pé kó wádìí ìlú kó tó dé ibẹ̀. Èkejì ń sọ fún onílé pé kó má gbójú lé e pé ọmọ onílẹ̀ lòun. Ibo ni ìyìn olè wà níbẹ̀?

Ìlú ogun sì ni. Ní nǹkan bí ọdún 1829, àwọn ọmọ ogun Ọ̀yọ́, Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú ló wá pàgọ́ sí ìlú Ẹ̀gbá Gbágùrá tí ogun ti tú ká. Nígbà tó fi máa di 1830, àwọn Ẹ̀gbá ti ń tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta. Jagunjagun kan wọ ilé tó ṣófo, òmíràn dé, ó ní òun lòun kọ́kọ́ rí i. Ta ni olóhun nínú àwọn méjèèjì? Kò sí baba ńlá ẹnikẹ́ni nítòsí tó lè jẹ́rìí. Olórí ogun kọ̀ọ̀kan ló ń dá ẹjọ́ nínú agbo ilé tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n sì fi ń dá a. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ ló máa ń bí irú oríkì yìí.

Mo rí irú rẹ̀ ní kékeré. Bàbá mi àgbà ni mọ́gàjí, ìyẹn olórí agbo ilé wa, nígbà yẹn. Àwọn obìnrin méjì gbé adìyẹ ọ̀pìpì kan wá. Olóhun ti fi aṣọ pupa tẹ́ẹ́rẹ́ so ó lẹ́sẹ̀, gbogbo ilé ló mọ̀, ẹni tó jí i sì ti tú aṣọ náà dànù. Bàbá bi olóhun pé, "Kí ni àmì tí adìyẹ rẹ ní?" Kàkà kó ní aṣọ pupa, kó tọ́ka sí ojú ibi tí ó ti fún un lẹ́sẹ̀, èpè ló ń ṣẹ́. Ó bú ìyá ẹnì kejì tó ti kú, ó tún ní Bàbá ń gbè sẹ́yìn olè. Èyí tó jí adìyẹ kúnlẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn, ó ní ọkà bàbà lòun fi tọ́ ọ dàgbà. Wọ́n bu owó ìtanràn lé olóhun lórí nítorí èébú, adìyẹ sì bá olè lọ.

Mo bi Bàbá lálẹ́. Ó ní òun rí ojú okùn lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n onídàájọ́ kì í bá ẹni ro ẹjọ́ ẹni. Ó ní bí obìnrin yẹn bá ti ní kí àwọn tú adìyẹ sílẹ̀ nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, kí gbogbo àwọn jọ wo ilé tó máa lọ sùn, ẹjọ́ ì bá ti parí. Ó wá ní, "Ìbàdàn rèé, olè jàre olóhun." Èmi ò gbà títí dòní pé ẹjọ́ yẹn tọ́, àmọ́ ọjọ́ yẹn ni mo mọ ohun tí oríkì ń sọ.

Ní ti èrú àti jìbìtì tí wọ́n fi olè lú pọ̀, ẹ̀ka ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Olè mú nǹkan rẹ nígbà tí o kò mọ̀. Ẹni tó fi èrú rẹ́ ọ jẹ, ẹ jọ ń ṣe nǹkan pọ̀ ni, ó wá rẹ́ lára tìrẹ kún tiẹ̀, bí oníṣòwò tó fi òòlù lu ìdí kóńgò wọnú kí gààrí má baà pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó lù ọ́ ní jìbìtì, ọwọ́ ara rẹ lo fi kó owó fún un. Gbájúẹ̀ ò jìnnà sí ìyẹn. Wàyó, ọ̀dọ̀ Hausa la ti mú un, ọgbọ́n ló jẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Bó bá jẹ́ pé èrú làwọn baba wa fẹ́ yìn, ọ̀rọ̀ ò wọ́n wọn, wọn kì bá tí pe jàre.

Ohun tó ń dùn mí ni pé oríkì ti di ohun tí wọ́n ń gé wẹ́wẹ́ sínú ìpolówó ọjà. Wọ́n á ní "Ìbàdàn Mèsì Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé", ìlù á wọlé, ó tán. Àwọn ìyá àgbà tó máa ń kì wá láàárọ̀ bí a bá kúnlẹ̀ kí wọn ti ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ wa ò sì mọ̀ ju ìlà kan lọ. Ọmọ tó bá gbọ́ "olè" tí kò gbọ́ "béèrè kí o tó wọ̀ ọ́", irọ́ ni yóò gbà gbọ́ nípa ìlú bàbá rẹ̀.

Nítorí náà, má fo ibẹ̀ o. Kọ́kọ́ ki "béèrè kí o tó wọ̀ ọ́", sinmi díẹ̀, kí o tó wá ki tolè. Bí àwọn àna bá rẹ́rìn-ín, rán wọn létí pé Ìjẹ̀bú wà lára àwọn tó tẹ̀dó síbí, àti pé Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú ṣì wà ní Ìbàdàn títí di òní. Oríkì tiwọn náà ni.