Báwo lèèyàn ṣe lè mọ̀ bóyá ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún ẹ̀kọ́ ìṣègùn lọ dáadáa?

Ẹ ní àwọn tó fọ̀rọ̀ wá àbúrò yín lẹ́nu wò l'Ádó-Èkìtì rẹ́rìn-ín sí i, wọn ò sì pẹ́ tí wọ́n fi ní kó máa lọ. Ẹ má fi ẹ̀rín wọn ṣe òṣùwọ̀n o. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan lè rẹ́rìn-ín sí gbogbo ọmọ tó wọlé. Òmíràn á lejú koko, síbẹ̀ á fún ọmọ ní máàkì tó jọjú. Pé kò pẹ́ náà kò túmọ̀ sí nǹkan kan.

Ohun tí èmi máa bi í ni pé: ṣé ìbéèrè tí wọ́n bi í gan-an ló dáhùn, àbí èyí tó ti há sórí láti ilé? Bí wọ́n bá ní "kí ló dé tó o fẹ́ ṣe dókítà?", tó dáhùn, tí wọ́n tún bi í pé "o ti wọ ọsibítù rí? Kí lo rí níbẹ̀?", tó sì sọ ohun tó fojú ara rẹ̀ rí, àmì dáadáa nìyẹn. Bó bá sọ pé òun ò mọ ìdáhùn ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè náà, kò burú. Ẹni tó bá ń parọ́ bò ó mọ́lẹ̀ ló ń ba ara rẹ̀ jẹ́.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò nìkan kọ́ ló ń gbé ọmọ wọlé, ṣá. Máàkì JAMB wà níbẹ̀, lórí 400, àti kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Físíìsì, Kẹ́mísírì àti Bàọ́lọ́jì. Kó rí i pé èsì WAEC tàbí NECO rẹ̀ ti wà lórí ìkànnì JAMB, kó sì máa yẹ CAPS wò, ìyẹn ètò ìgbaniwọlé JAMB lórí ìkànnì. Ibẹ̀ ni wọn yóò gbé ìgbaniwọlé sí, ibẹ̀ náà ni yóò ti tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà.