Òkìtì ló ń ṣáájú ijó: èsì fún màmá tó ń wá ẹni tó máa to eré ọmọ rẹ̀

Ẹ ní ọmọ yín tó ń ṣe jímínásíìkì, eré ìdárayá òkìtì títa, ti kúrò ní ìpele tí gbogbo ọmọ ti ń ṣe eré kan náà sí orin kan náà. Ó ti wá di dandan kó ní eré tirẹ̀ lórí ilẹ̀ àti lórí bíìmù (igi tóóró tí wọ́n ń tàkìtì lórí rẹ̀), ẹ sì fẹ́ mọ ẹni tí ẹ máa pè, ìgbà tí ẹ máa pè é, àti ohun tí ẹ máa mú dání. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tí ẹ ò béèrè ṣáájú: ẹ má tíì pe ẹnikẹ́ni títí akọ́nimọ̀ọ́gbá yóò fi kọ gbogbo òkìtì àti ìfò tí ọmọ náà máa lò sílẹ̀. Ẹni tó bá fi ijó ṣáájú òkìtì máa tún ijó náà tò lẹ́ẹ̀kejì, á sì tún un san.

Ìwé yẹn kì í ṣe orúkọ òkìtì nìkan. Kó sọ bí ọ̀wọ́ òkìtì kọ̀ọ̀kan ṣe tẹ̀ léra, apá ibi tí ọmọ ń yí ara sí lójú òfuurufú, ẹsẹ̀ tó máa ń wà níwájú tó bá fò ya ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ tó fi ń dúró tó bá ń yí lẹ́sẹ̀ kan, àti ìṣísẹ̀ mélòó ló fi ń sáré kó tó tàkìtì. Kí wọ́n tún kọ òkìtì tó ṣì ń kọ́ lọ́wọ́ sí i, pẹ̀lú èyí tó rọrùn tó máa lò bí ìyẹn ò bá wọlé. Tí ẹni tó ń to ijó ò bá mọ nǹkan wọ̀nyí, ijó á parí níbi tí ọmọ ti kọjú sí igun tí kò yẹ. Ọmọ á wá rọra gbé ẹsẹ̀ méjì mẹ́ta láti tún ara rẹ̀ tò, àwọn adájọ́ ò sì ní fojú fo ìṣísẹ̀ òfo bẹ́ẹ̀.

Ní ti ẹni tí ẹ máa pè, akọ́nimọ̀ọ́gbá inú ẹgbẹ́ mọ ọmọ, ó ń rí i lójoojúmọ́, ohun tó bá sì wọ́ lónìí, ó lè tún un ṣe lọ́la. Àléébù ibẹ̀ ni pé tí ẹnì kan bá to eré fún ogún ọmọ, eré wọn á máa jọra. Wàá rí ọwọ́ kan náà níbi kan náà lára ọmọ mẹ́fà. Ẹni tí wọ́n ń pè láti ìta sábà máa ń wá fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, á máa mú àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan: wákàtí méjì sí mẹ́ta fún orí ilẹ̀, wákàtí kan sí méjì fún bíìmù. Owó orí ilẹ̀ lọ́tọ̀, ti bíìmù lọ́tọ̀, ti gígé orin lọ́tọ̀, àwọn òbí á sì pín owó ọkọ̀ àti ibùsùn rẹ̀ láàárín ara wọn. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi í bóyá àtúnṣe wà nínú rẹ̀ tí òkìtì kan bá yí padà láàárín àsìkò ìdíje. Àwọn kan tún ń to eré láti ọ̀nà jíjìn, lórí fídíò. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó máa ń tètè mú nǹkan lè fi kọ́ ọ, bí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá dúró tì í. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án kọ́. Èmi ò ní gbà yín níyànjú rẹ̀.

Ìgbà tó dáa jù ni lẹ́yìn tí àsìkò ìdíje bá ti parí, tí àwọn òkìtì tuntun sì ti kúrò lórí fóòmù rírọ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ òkìtì, tó jẹ́ pé orí ilẹ̀ gidi àti bíìmù gíga ló ti ń ṣe wọ́n. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ó kéré tán, sílẹ̀ kí ìdíje àkọ́kọ́ tó dé. Méjìlá dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá orin kí ọjọ́ náà tó pé. Ìṣẹ́jú àáyá 90 ni òpin eré orí ilẹ̀ nínú òfin FIG (àjọ jímínásíìkì àgbáyé), máàkì 0.10 sì ni wọ́n ń gé tó bá kọjá bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n gé orin náà sí nǹkan bí 85 sí 88. Ohùn èèyàn lè wà nínú rẹ̀, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kankan. Orin tó bá ní ọ̀rọ̀ máa ná ọmọ ní 1.00, ìyẹn sì tó iye tí wọ́n ń gé fún ìṣubú. Kí ìparí rẹ̀ jẹ́ ìlù tó lù gbì lẹ́ẹ̀kan. Orin tó ń rọra kú lọ kì í jẹ́ kí ọmọ mọ ìgbà tó yẹ kó dúró, adájọ́ á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé eré òun orin ò parí pọ̀. Kí apá kan tó rọlẹ̀ wà láàárín, bí ìṣẹ́jú àáyá ogún, kó bọ́ sí ẹ̀yìn ọ̀wọ́ òkìtì kejì, torí ibẹ̀ ni èémí ti máa ń gé. Ẹ dán an wò lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ilé ìdárayá, ẹ má fi etí fóònù gbà á. Ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi méjì, kí ẹ sì yí fóònù tó máa gbé e jáde sí ipò ọkọ̀ òfuurufú lọ́jọ́ ìdíje. Ìpè kan ṣoṣo ti tó láti da eré rú.

Ilẹ̀ ìdíje jẹ́ mítà 12 ní ìbú àti òró, láti igun sí igun sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 17. Ẹ ya á sórí ìwé, kí ẹ fa ìlà ọ̀wọ́ òkìtì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wò ó bóyá ijó tó wà láàárín wọn ń gbé ọmọ dé igun tí èyí tó kàn ti máa bẹ̀rẹ̀, tó sì tún ń gbà á kọjá àwọn ibi tí òkìtì ò dé. Ọ̀wọ́ tó le jù ni ká fi ṣáájú, nígbà tí ara ṣì yá. Ibi tí mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ atòjó ti ń ṣàṣìṣe ni ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tó ṣáájú òkìtì ìkẹyìn: wọ́n á kó ìfò sí i torí pé orin ti gbóná níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ á ti kú kó tó sáré, á balẹ̀ ní ìdajì, tàbí kó kọjá ìlà. Ẹsẹ̀ kan níta jẹ́ 0.10, méjèèjì jẹ́ 0.30. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ àti àyà jó fún kíkà mẹ́jọ kan ní igun yẹn, kí ẹsẹ̀ sinmi, kó mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lójú òǹwòran, ijó náà ni. Ìfò tó ya ẹsẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kọjá lójú àwọn adájọ́ ní ẹ̀gbẹ́; bó bá ń bọ̀ lọ́kàn-án wọn, wọn ò ní rí i pé ó pé dígírì 180.

Bíìmù lọ́rọ̀ pọ̀ sí. Mítà 5 ni gígùn rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 10 ni ìbú, ó sì ga sẹ̀ǹtímítà 125 sílẹ̀. Ẹ to eré rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ọmọ ṣe òkìtì ìsọ̀kalẹ̀, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣe bákan náà fún òkìtì méjì tó so mọ́ra. Àmì méjèèjì yìí ò ṣeé gbé kúrò. Ohun tó kù ni bí ọmọ ṣe máa rìn láti ọ̀kan dé èkejì láìsí pé ó ń fi ẹsẹ̀ wá àyè. Ẹ fi àyè tó tó ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ lápá ìparí, torí ọmọ ń dàgbà, ìṣísẹ̀ rẹ̀ á máa gùn sí i.

Ohun tí òfin FIG ń béèrè lórí bíìmù ni ìfò tàbí ijó méjì tó so pọ̀, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìfò tó ya ẹsẹ̀ dé 180. Yíyí lẹ́sẹ̀ kan. Òkìtì méjì tó so pọ̀. Àti òkìtì síwájú tàbí ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú ti ẹ̀yìn. 0.50 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fi kún máàkì ọmọ. Wọ́n tún ń wá ibi tí ara ti sún mọ́ bíìmù gan-an, àti ibi tí ọmọ ti kọjú sí ẹ̀gbẹ́. Tó bá dúró ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ kó tó tàkìtì, wọ́n á gé 0.10, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á sì máa gé e nígbàkigbà tó bá tún ṣe é. Ẹ yẹ ìwé òfin ìpele tiyín wò, kò rí bákan náà níbi gbogbo. Ní Amẹ́ríkà, láti ìpele 6 ni ọmọ ti ń ní eré tirẹ̀, ìṣubú sì jẹ́ 0.50 níbẹ̀, nígbà tó jẹ́ 1.00 lọ́dọ̀ FIG.

Lẹ́yìn òkìtì tó le, kí ọwọ́ ṣe nǹkan kan tó lọ́ra, tó dà bíi pé a mọ̀ọ́mọ̀ tò ó síbẹ̀, kí ọmọ lè rí ìdúró rẹ̀ kó tó yí padà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ju orí rẹ̀ sẹ́yìn nígbà tó bá kù díẹ̀ kó ta òkìtì tí kò ní rí ibi tó ń balẹ̀ sí. Ọ̀nà tó gbà ń gun bíìmù náà, ẹ mú èyí tó dá a lójú. Ìbẹ̀rẹ̀ aláràbarà tó ń já ọmọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́ta kò wúlò. Agogo máa ń dún ní ìṣẹ́jú àáyá 80 láti kìlọ̀, àti ní 90 tó jẹ́ òpin, nítorí náà kí eré náà máa parí ní 75 sí 80 nílé. Tó bá jábọ́, ó ní ìṣẹ́jú àáyá 10 láti padà gun orí rẹ̀, wọn ò sì ní ka ìyẹn mọ́ eré.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń to ó, ẹ gba fídíò mẹ́ta: ọ̀kan tí atòjó ń ka iye sókè, ọ̀kan láti ẹ̀yìn kí ọ̀tún àti òsì má bàa dàrú, ọ̀kan pẹ̀lú orin láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ti bíìmù, orí ìlà ilẹ̀ ni kó ti kọ́ ọ, lẹ́yìn náà bíìmù kúkurú, kó tó gun gíga. Kó ṣe é lójoojúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìdajì á ti lọ.

Mo tún fẹ́ kí ẹ béèrè nǹkan kan tí ọ̀pọ̀ òbí kì í béèrè. Ẹ ní kí atòjó fi ibi mẹ́ta hàn nínú orin tí ìlù ti gbọ́dọ̀ bá ìdúró kan pàtó. Àyà ọmọ máa ń yára lọ́jọ́ ìdíje, á ti dé igun kí orin tó débẹ̀. Tó bá ti yá jù, kó dúró sí ìdúró yẹn dè é. Tó bá ti pẹ́, kó mọ ọwọ́ tàbí ìṣísẹ̀ tó lè fò. Tó bá ṣubú, ibi àmì tó kàn ni kó bá orin pàdé. Atòjó ló gbọ́dọ̀ sọ èyí tó ṣeé fò, torí ọmọ fúnra rẹ̀ á lọ fo ibi tí òfin ń béèrè.

Eré kan lè gbé ọmọ dé àsìkò méjì. Tí òkìtì tuntun bá wọlé láàárín, ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti igun kan náà, kó sì parí sí ojú kan náà, ijó tó yí i ká ò ní ní láti yí padà. Lẹ́yìn náà kí ẹ tún fídíò gbà, kí ẹ sì pa ti àtijọ́ rẹ́ kúrò lórí fóònù ọmọ.