Èjìká tó ń dun ẹni tó ń gun ìgbì: èsì láti Àkúrẹ́

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní láti ìgbà tí o ti lọ fi pákó gun ìgbì òkun (surfing) ní Tarkwa Bay, etíkun kan ní Èkó, ni èjìká ọ̀tún ti ń dùn ọ́, tí o kò lè na ọwọ́ sókè sá aṣọ láì fajú ro. O wá ń bèèrè bóyá kí o máa na ara láràárọ̀, kí o lè padà lọ lóṣù tó ń bọ̀. Nínà ara nìkan kò ní tó o. Agbára ni èjìká yẹn ń wá, apá ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ló sì ti ń wá a.

Èmi náà ń gbé Àkúrẹ́, mo mọ bí tiwa ṣe rí. Ẹni tó ń gbé etí òkun ń wọ omi nígbà gbogbo, ara rẹ̀ ń mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Àwa ń jókòó ní ọ́fíìsì ní Alágbàká látàárọ̀ dalẹ́, a ó wá wọ mọ́tò lọ sí Èkó títí ìbàdí á fi gan, a ó tún wọ ọkọ̀ ojú omi, nítorí ọ̀nà mọ́tò kò dé Tarkwa Bay. Bí a bá débẹ̀ tán, a fẹ́ fi òpin ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo gun gbogbo ìgbì tí a ti ń dúró dè láti ọjọ́ pípẹ́. Ibẹ̀ ni ìpalára ti ń wọlé.

Wò ó, dídìde dúró lórí pákó kọ́ ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú eré yìí. Àwọn tó wọn àkókò àwọn tó ń díje rí i pé nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni wọ́n fi ń dojú bolẹ̀ fọwọ́ wa pákó, ìgbà tí wọ́n fi gun ìgbì gan-an kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Iṣan àyà àti èyí tó fẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yìn ló ń fa omi yẹn. Wọ́n ń lágbára sí i, wọ́n ń le, wọ́n sì ń wọ́ èjìká síwájú. Àwọn iṣan kéékèèké mẹ́rin kan wà tó di orí eegun apá mú sí àyè rẹ̀, bí okùn ṣe di ọ̀pá àtíbàbà mú lóde ayẹyẹ. Bí àwọn yẹn bá dẹ̀, orí eegun á máa yọ́ sókè, á máa há iṣan mọ́ abẹ́ eegun tó wà lókè èjìká. Ìdí nìyẹn tó fi ń dùn ọ́ nígbà tí o bá gbé ọwọ́ sókè.

Nígbà tí tèmi le, n kò lè fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn. Mo na án, mo fi oògùn pa á, ó rọlẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo ṣe padà sínú omi ló tún dé. Físíò kan níhìn-ín, ìyẹn oníṣègùn tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé, ló ní kí n mú ìgúnpá mọ́ ẹ̀gbẹ́, kí n wá ti ọwọ́ síta. Ìka méjì ló fi dá mi dúró, n kò sì lè borí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kò sí press-up tí n kì í ṣe nígbà yẹn! Press-up ń kún agbára iwájú ni, ẹ̀yìn kò rí nǹkan kan gbà níbẹ̀.

Ohun tó wò mí sàn kò wọ́n. Lọ bá fọkanáísà, gba túùbù kẹ̀kẹ́ tó ti gbó, kí ó là á fún ọ. So ó mọ́ irin ojú fèrèsé. Ká táwẹ́ẹ̀lì, fi há abẹ́ apá, ṣẹ́ ìgúnpá, kí o wá fa túùbù náà síta díẹ̀díẹ̀, kí o sì jẹ́ kó padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Pípadà yẹn ṣe pàtàkì gan-an, má jẹ́ kó já gbà. Ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, sinmi, títí yóò fi di ìpele mẹ́ta, lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà, fi ọwọ́ méjèèjì fà á wá sí ìhà, kí eegun pẹlẹbẹ méjèèjì tó wà lẹ́yìn èjìká sún mọ́ra. Kí o wá dojú bolẹ̀, na apá síwájú, kọ àtàǹpàkò sókè, kí o gbé apá kúrò nílẹ̀. Bí ìrora bá pọ̀ sí i ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, dín in kù. Má retí ìyàtọ̀ gidi kó tó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, nítorí iṣan tó so mọ́ eegun kì í tètè le.

Èmi nìkan kọ́ ló ń sọ pé agbára ló ṣáájú. Ní 2014, àwọn onímọ̀ kan ní Denmark kó ìwádìí 25 jọ lórí ìfarapa nínú eré ìdárayá. Láàrin àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ tó ń fún iṣan lágbára, ìfarapa kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ti àwọn tí kò ṣe é. Nínà ara kò dín in kù.

Síbẹ̀, ó níbi tó ti yẹ kí ara rọ̀. Àkọ́kọ́ ni òkè ẹ̀yìn. Bí o bá wà lórí pákó, o ní láti gbé àyà sókè. Bí òkè ẹ̀yìn bá gan, ọrùn àti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ló máa tẹ̀ dípò rẹ̀. Ká aṣọ nínípọn, fi sí abẹ́ òkè ẹ̀yìn, dùbúlẹ̀ lé e, kí o máa mí.

Mo fẹ́ kí o fetí sí èyí dáadáa, torí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ló sábà máa ń ṣe. Ní 2004, àwọn dókítà ní Hawaii ṣàlàyé àìsàn kan tó ń mú ẹni tó bá pẹ́ jù ní ìdojúbolẹ̀ lórí pákó pẹ̀lú ẹ̀yìn títẹ̀: ẹ̀jẹ̀ kì í dé mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn dáadáa mọ́. Onítọ̀hún lè má ṣubú rárá. Ẹ̀yìn á kàn dédé dùn ún, ẹsẹ̀ á kú tàbí kó rọ, ó lè má lè tọ̀. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó lè sọ èèyàn di arọ. Bí o bá ń dúró de ìgbì, dìde jókòó lórí pákó. Bí ẹ̀yìn bá dédé dùn ọ́, kúrò nínú omi. Bí ẹsẹ̀ bá wá ń kú, ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀.

Ní ti ẹsẹ̀, máa lóṣòó kí gìgísẹ̀ má kúrò nílẹ̀, bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe nídìí ààrò. Tí ìbàdí àti ọrùn ẹsẹ̀ kò bá tẹ̀, orúnkún ló máa gba ìyà. Tí o bá ráyè lọ sí Ìdànrè, àtẹ̀gùn òkè náà ju 600 lọ. Gùn ún bó ṣe wù ọ́, ṣùgbọ́n rọra sọ̀ kalẹ̀. Sísọ̀ kalẹ̀ yẹn ló ń kọ́ itan bí a ṣe ń balẹ̀.

Bí o bá dé etí òkun lẹ́yìn ìrìn mọ́tò, má na ara kí o sì dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́. Máa fì apá, yí ẹ̀gbẹ́, lóṣòó, títí ara á fi gbóná. Tí o bá jáde nínú omi, ìgbà yẹn ni kí o gbé apá mọ́ férémù ilẹ̀kùn, kí o na àyà fún ìṣẹ́jú àáyá 30.

Oṣù tó ń bọ̀ ti yá jù fún ọ. Bí ìrora bá ń jí ọ lóru, tàbí apá kò gbéra mọ́, rí físíò kí o tó fọwọ́ kan túùbù kankan. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, bẹ̀rẹ̀ lónìí, kí o sì máa wẹ̀ nínú omi ìwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì díẹ̀díẹ̀ nígbà tí o bá ti lè sá aṣọ láìsí ìrora.