Ẹ̀rọ ìlagi wo ni kí n rà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àáké tí mo fi ń la igi ìdáná ti fẹ́ ba ẹ̀yìn mi jẹ́, mo wá fẹ́ ra ẹ̀rọ ìlagi. Ọ̀kan ń lo iná, òmíì ń lo pẹtiróòlù, ẹ̀kẹta, wọ́n ní láàárín sẹ́kọ́ńdì 3 ló ti là á. Ṣé èyí tí tọ́ọ̀nù ẹ̀, ìyẹn agbára tó fi ń ti igi, pọ̀ jù ni kí n sáà mú?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yìn dídùn kì í ṣeré. Fi tọ́ọ̀nù sílẹ̀ ná, igi tó wà nílẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ wò. Tó bá rí gbọọrọ, tí ò tóbi jù, tí ò ní kókó, oníná kékeré tọ́ọ̀nù 5 sí 7 á là á, kò sì ní pariwo púpọ̀. Wáyà nìkan ni kó o ṣọ́. Èmi fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn kan fa iná dé ẹ̀yìnkùlé nígbà kan, ẹ̀rọ yẹn kàn ń kùn hùùù, kò lè ti igi, kí n tó sáré yọ ọ́ ó ti gbóná janjan. Wáyà tó nípọn tó sì kúrú ni o.

Àmọ́ tó bá jẹ́ igi ẹlẹ́ka tàbí oníkókó, tí inú ẹ̀ lọ́ mọ́ra wọn, ìyẹn fẹ́ onípẹtiróòlù tọ́ọ̀nù 20 sókè. Bíi jáàkì ló ṣe ń ṣe, ọ́ìlì ń ti irin, irin ń ti igi mọ́ ẹnu àáké, kò yára, ṣùgbọ́n kì í tètè jáwọ́.

Ẹ̀kẹta yẹn, fláwíìlì ló ní, irin ńlá roboto tó ń yí, gbogbo agbára tó kó jọ ló fi ń gbá igi lẹ́ẹ̀kan. Igi tó rọrùn, á là á bí ẹni ń ṣeré, ṣùgbọ́n tó bá bá kókó pàdé tí kò là, á dúró gbagidi, wàá dá a padà kó tún gbá a. Ó sì yá ju ọwọ́ èèyàn lọ, ìyẹn lẹ̀rù ẹ̀ fi ń bà mí. Èyí tó jẹ́ pé ọwọ́ méjèèjì lo máa fi dì í mú kó tó ṣiṣẹ́ ni kó o rà, má ṣe bí àwọn tó ń fi okùn so irin ìdìmú kan mọ́lẹ̀ kí wọ́n lè fọwọ́ kejì mú igi.

Tó o bá lè yá ọ̀kan lò fọ́jọ́ kan kó o tó rà, ìtì tó le jù níbẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ gbé sí i lẹ́nu.