Wọ́n ti bódà, ẹ̀gẹ́ mi di igi

Ẹni tó ní kí ìjọba tún ti bódà pa, kí wọ́n lé àwọn ará Kútọnu tó ń ṣiṣẹ́ oko kúrò nílẹ̀ Ìjẹ̀bú kí iṣẹ́ lè kan àwọn ọmọ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Mo ní oko ẹ̀gẹ́ àti ibi tí a ti ń yan gààrí lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó. Ohun tí ẹ ń fẹ́ yìí ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí.

Lọ́dún 2019, ọmọkùnrin mẹ́fà láti Olómìnira Benin ló ń bá mi ṣiṣẹ́. Wọ́n gbàyè lọ sílé fún ọjọ́ òmìnira wọn, tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe Ọjúde Ọba tán ni mo gbọ́ lórí rédíò pé Buhari ti ti bódà, nítorí ìrẹsì àti epo bẹntiróòlù tí àwọn onífàyàwọ́ ń kó. Inú mi tiẹ̀ dùn. Mo ní ìrẹsì Ọ̀fàdà á tà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, ẹnì kan ò dé. Ọ̀kan nínú wọn pè mí láti Àjáṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní Benin, pé òun gba inú igbó, òun sanwó níbi mẹ́rin, síbẹ̀ wọ́n dá òun padà.

Èmi àti ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ara wa wú ẹ̀gẹ́ náà. A wú ju èyí tí a lè bó lọ. Nígbà tí mo dá ọ̀kan sí méjì lọ́jọ́ kẹta, ilà dúdú ti gba inú rẹ̀ já bí iṣan ọwọ́ arúgbó. Èyí tó kù nílẹ̀ yi títí ó fi le bí igi. Tí a bá ń rin ín, ẹ̀rọ á máa ké, okùn lá máa jáde. Ẹ mọ gààrí Ìjẹ̀bú: ó ní láti kan fún ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún, kó kúnná kí a tó yan án. Àwọn oníbàárà mi lọ́jà Òkè-Àje bù ú wò, wọ́n dà á padà sínú àpò.

Mo wá àwọn ọmọ wa, mo fowó kún owó. Mẹ́jọ wá, lọ́jọ́ kẹrin, méjì ló kù. N ò pè wọ́n ní ọ̀lẹ o. Ẹni tó ń gun ọ̀kadà n'Ìjẹ̀bú-Òde ń rówó rẹ̀ kó tó sùn. Tèmi nígbà náà, owó ọdún ni: ọ̀gá tó kó àwọn ọmọ Benin wá á bá ọ ná an, wọ́n á máa jẹun lọ́dọ̀ rẹ, tọ́dún bá pé lo máa san án lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á fi ra alùpùpù gùn lọ sílé. Èmi alára ò ní jẹ́ kí ọmọ mi gba irú rẹ̀.

Ibi tó dùn mí jù nìyí. Bódà wà ní títì, àmọ́ àwọn ọ̀gá yẹn ò ṣíwọ́; òru ni wọ́n ń rìn. Lọ́dún 2020, ọ̀kan kó ọmọ mẹ́ta wá bá mi. Ìgbà tílẹ̀ mọ́ ni mo rí i pé èyí tó kéré jù ò lè ju ọmọ ọdún méjìlá lọ. Àdá tó mú dání fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Mo fún wọn lóúnjẹ, mo ní kó kó wọn padà, n ò sì pe ẹnikẹ́ni. Títí dòní, ó ń jẹ mí lọ́kàn. Ṣebí lọ́dún 2003, níbi ìfọ́kúta l'Ábẹ́òkúta, irú àwọn ọmọ yẹn ni ìjọba kó kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n dá wọn padà sílé.

Ẹ ní ẹ̀rù ajínigbé ń bà yín. Ó ń ba èmi náà. N kì í gba márosẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba ẹnubodè wọlé pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ lọ́wọ́, a mọ̀ ọ́n. Ẹni tó gba inú igbó ni a ò mọ̀. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún wọn láyè ọjọ́ 90 láìgba físà. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé ìgbélùú ló kàn. Ìwé yẹn ni kí ẹ bá wa pariwo pé kó rọrùn í gbà fún lébìrà oko.

Oṣù kẹrin 2022 ni wọ́n tó ṣí Ìdí-Ìrókò. Méjì nínú mẹ́fà yẹn padà wá. Mo ya fọ́tò káàdì wọn, mo mú wọn lọ bá baálẹ̀, ó kọ orúkọ wọn, ti bàbá wọn àti ìlú wọn sínú ìwé. Oṣooṣù ni mo ń sanwó wọn báyìí. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ìyẹn ni ọmọ wa méjì láti Àgọ́-Ìwòyè wá bá mi pé àwọn náà fẹ́ ṣe é, wọn ò sì tíì lọ. Lánàá, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ fún àpò ẹ̀gẹ́ rírin mọ́kànlá.