Jẹ̀díjẹ̀dí, ìpara àti ìrun: ìdáhùn fún aránṣọ kan ní Kétu

Ìbéèrè: Àsàlámù àlékùm, Àáfà. Aránṣọ ni mí ní Kétu, ìdí ẹ̀rọ ni mo máa ń wà látàárọ̀ dalẹ́. Jẹ̀díjẹ̀dí yọ sí mi nídìí. Bí mo bá forí kanlẹ̀ báyìí, ṣe ló máa ń ta mí bí ẹni fi ata sójú egbò, ẹ̀jẹ̀ sì máa ń kán sí ṣòkòtò mi. Wọ́n fún mi ní ìpara ní fámásì. Ṣé ìrun mi ń gbà? Ṣé mo lè máa fi ìpara náà para bí mo bá gbààwẹ̀? Ojú ń tì mí láti bi yín ní mọ́ṣáláṣí.

Ìdáhùn: Wa àlékùmù sàlámù, àbúrò mi. Má tijú rárá. Sàhábà kan, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn ọmọlẹ́yìn Ànábì, ti ṣáájú rẹ béèrè. Jẹ̀díjẹ̀dí ń yọ Imran ọmọ Husayn lẹ́nu, ó sì bi Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bí òun yóò ṣe máa kírun. Èsì náà wà nínú àkójọ ọ̀rọ̀ Ànábì tí Bukhari ṣe: kírun lóòró, bí o ò bá lè dúró, jókòó, bí o ò bá lè jókòó, fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Gbogbo bàbá tó ń kírun lórí àga ní mọ́ṣáláṣí wa lónìí, ìbéèrè oníjẹ̀díjẹ̀dí yẹn ni wọ́n ń jẹ àǹfààní rẹ̀.

Nítorí náà, ìrora kò gbé ìrun kúrò lọ́rùn rẹ. Dúró, tẹ rúkúù (ìtẹ̀ba) rẹ. Bí sújúdù (ìforíkanlẹ̀) bá ni ọ́ lára jù, jókòó kí o tẹrí ba, kí ti sújúdù lọ sílẹ̀ ju ti rúkúù lọ. Ó tó.

Ní ti ẹ̀jẹ̀, ní ọ̀nà Ìmáámù Màlíkì tí àwọn àgbà wa ń tọ̀, ẹ̀jẹ̀ àìsàn tó jáde láìsí ìgbẹ́ kì í ba àlùwàlá jẹ́, omi jẹ̀díjẹ̀dí tó sì ń rin aṣọ lemọ́lemọ́, àmójúkúrò wà fún un. Àwọn onímọ̀ mìíràn ní ó ń bà á jẹ́. Bí agbára bá wà, tún àlùwàlá ṣe fún ìrun kọ̀ọ̀kan, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀.

Ìpara tí o fi ń para níta kò ba ààwẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tó ní ẹnu ṣóńṣó tí wọ́n ń tì bọ inú, fi í sílẹ̀ di ẹ̀yìn ìṣínu, torí pé ohun olómi tó bá gba ìdí wọlé ń ba ààwẹ̀ jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ wa. Fi ọṣẹ fọ ọ̀rá rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ kí o tó ṣe àlùwàlá, kí omi lè kan ara.

Ìpara ń dín oró kù ni, kò sọ pé kí o máa jókòó láti Àsùbáà dé Àlàásárì. Dìde nídìí ẹ̀rọ lóòrèkóòrè. Mu omi dáadáa láàárín ìṣínu àti sààrì, jẹ ẹ̀fọ́, má sì fi tipá yàgbẹ́. Jókòó sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nínú bàsíà lálẹ́ kí o tó para. Bí ẹ̀jẹ̀ náà kò bá dáwọ́ dúró, lọ bá dókítà, nítorí kì í ṣe gbogbo ẹ̀jẹ̀ ìdí ni jẹ̀díjẹ̀dí. Fífi ìhòòhò hàn án fún ìtọ́jú kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Bí ìbéèrè bá kù, wá bá mi lẹ́yìn Ìṣáì, nígbà tí èrò bá ti tú ká.